Owó Tó Ń Tẹ̀lé Owó Ilẹ̀

Bí ẹ bá ra pílọ́ọ̀tì kan ní Abẹ́òkúta lónìí, owó tí ẹ kà fún ẹni tó tà á kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀. Owó mìíràn ń tẹ̀lé e bọ̀ lẹ́yìn: owó ìjọba.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà, kó máa tọ́jú rẹ̀ fún ará ìlú. Abala 22 sọ pé ẹni tó ti gba C of O kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ náà láìgba ìyọ̀ǹda Gómìnà. Abala 26 sì ní títà tí kò bá òfin mu, asán ni. Kí ìyọ̀ǹda tó jáde, owó ìyọ̀ǹda wà, owó sítáǹpù wà, owó ìforúkọsílẹ̀ wà, owó orí lórí èrè ilẹ̀ náà sì wà. Ẹni tó tà ló yẹ kó san èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ṣùgbọ́n ọrùn ẹni tó rà ni wọ́n sábà máa ń gbé e kọ́.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Mo mọ̀ pé owó orí la fi ń ṣe títì àti gọ́tà, onígbàgbọ́ kò sì gbọdọ̀ sá fún un. Ṣùgbọ́n owó tó bá wúwo jù kì í dé àpò ìjọba. Tíṣà tàbí ìyá aláta tó fi ọdún mẹ́jọ dá èésú kó tó ra ilẹ̀, kí ló kù lọ́wọ́ rẹ̀? Yóò ká rìsíìtì àti àgírímẹ́ǹtì sínú àpótí, yóò máa gbàdúrà. Ìjọba kò rí kọ́bọ̀, òun náà kò ní ìwé. Bó bá fẹ́ yá owó ní báńkì, ilé náà kò ní lè dúró fún un. Ní ọdún 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní asán ni ilé tí wọ́n fi dúró fún ẹ̀yáwó láìsí ìyọ̀ǹda. Ṣé ẹ rí ìdí tí báńkì fi ń béèrè ìwé?

Àdínkù ṣeé ṣe. Ní ọdún 2015, ìjọba Èkó sọ àpapọ̀ owó ìyọ̀ǹda yìí di 3% iye ilẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2014, ìjọba Ògùn gbé ètò Home Owners' Charter kalẹ̀, kí àwọn tó ti kọ́lé láìní ìwé lè gbà á ní owó pọ́ọ́kú. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí irú àánú bẹ́ẹ̀ má jẹ́ ti ìgbà díẹ̀. Kí ilé àkọ́kọ́ tí ìdílé fẹ́ gbé ní owó tirẹ̀ tó fúyẹ́. Kí wọ́n jẹ́ ká lè san án díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n sì lẹ iye rẹ̀ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì, kí ẹnikẹ́ni má fi bu tiwa jẹ.

Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe ipa tiyín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí lọ́yà yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀. Ẹ béèrè iye owó ìjọba, kí ẹ rò ó mọ́ owó ilẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì ẹni tí yóò san èwo. Ẹ má sì gbà kí wọ́n kọ iye tó kéré sí ohun tí ẹ san, torí àtidín owó orí kù. Irọ́ ni, bí wàhálà bá sì dé, iye tó wà nínú ìwé ni ilé ẹjọ́ máa kọ́kọ́ wò.

Nígbà tí Jeremáyà ra oko ní Ánátótì ní ṣékélì fàdákà 17, ó fọwọ́ sí ìwé, ó pe ẹlẹ́rìí, ó ní kí wọ́n tọ́jú ìwé náà sínú ìkòkò amọ̀ kó lè pẹ́. Wòlíì tó ń gbọ́ ohùn Ọlọ́run kò fi ìwé ilẹ̀ ṣeré. Kí Olúwa má jẹ́ ká kọ́lé fún ẹlòmíràn gbé. Àmín.