Bí oníbodè bá dákú, odi kọ́ ló yẹ ká wó

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ríbi wọlé. Kò sẹ́ni tí ò mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n láyé tá a wà yìí, tó jẹ́ inú kọ̀ǹpútà lọ̀pọ̀ èèyàn ń kó àṣírí wọn pamọ́ sí, ògiri kan wà tó jẹ́ onílé gan-an ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ là á lẹ́nu. Bó bá là á tán, á tún máa pariwo pé aláǹgbá ti wọlé òun!

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọkùnrin kan ṣàpẹẹrẹ. Ká sọ pé Ìlàré ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà, nílùú Ilé-Ifẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò àtijọ́ tó wà nílùú náà. Iṣẹ́ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ló ń ṣe. Ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tẹ pírọ́jẹ́ẹ̀tì, ó ń ṣe fọ́tókọ́pì, ó ń bá àwọn tó ń wáṣẹ́ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló ní. Ó wá ra pírítà tuntun, ó fẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ máa lò ó, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn kọ̀ jálẹ̀, kò rí pírítà.

Ọmọkùnrin yìí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àntífáírọ́ọ̀sì tó fi ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà náà ni ò jẹ́ kí wọ́n ríra wọn. Ó ṣí i, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń yí ètò fáyáwọ́ọ̀lù padà, ó ní kó gba pírítà láàyè. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, fìrì, sọ́fítíwíà pòórá. Ó tún un ṣí, ó tún un tẹ̀, ó tún pòórá. Lẹ́ẹ̀kẹta, odidi kọ̀ǹpútà ló dúró gbagidi, tí ojú ẹ̀ pa búlúù.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, aago méjì ni súpáfáísọ̀ mi ní kí n gbé e dé o!” Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti dúró láti àárọ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

“Sístà, ẹ ní sùúrù, nǹkan yìí ló ń bá mi ṣe agídí.”

Ni ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì bá yọjú. “Kí ló dé?”

“Ẹ̀gbọ́n, àntífáírọ́ọ̀sì yìí ni o. Bí mo bá ti fẹ́ yí fáyáwọ́ọ̀lù ẹ̀ báyìí, ńṣe ló máa ń kú.”

“Ìwọ náà! Yọ ọ́ dànù jàre. Èló lo ní ní báńkì tólè máa wá jí?”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin náà yọ ọ́ dànù, ó tún pa fáyáwọ́ọ̀lù tó bá Windows wá mọ́ ọn. Lójú ẹsẹ̀, pírítà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé. Akẹ́kọ̀ọ́ gba pírọ́jẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó sáré lọ. Inú oníkálukú dùn.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, owó ọmọkùnrin yìí lè má tó nǹkan, ṣùgbọ́n ṣé owó tiẹ̀ nìkan ló wà nínú kọ̀ǹpútà náà ni? Nọ́ńbà NIN àwọn kọ́sítọ́mà wà níbẹ̀, èsì ìdánwò WAEC ọmọ ọlọ́mọ wà níbẹ̀, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà báńkì, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ohun tí olè nílò láti fi orúkọ ẹlòmíì yáwó tàbí lu jìbìtì ló kóra jọ síbì kan náà. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ló ṣílẹ̀kùn, àwọn tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ lolè máa kó lẹ́rù.

Kí tiẹ̀ ni fáyáwọ́ọ̀lù yìí? Àwọn òyìnbó mú orúkọ ẹ̀ lára ògiri tí wọ́n máa ń mọ sáàárín ilé, pé bí iná bá ń jó lápá kan, kó má lè ráyè kọjá sí apá kejì. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ẹ̀, nítorí odi ìlú ni. Láyé àtijọ́, wọn kì í ṣàdédé wọ ìlú. Odi yí ìlú ká, odi ní ẹnubodè, oníbodè sì wà níbẹ̀ tó ń bi àlejò pé níbo lo ti ń bọ̀, kí lo rù. Bí ti kọ̀ǹpútà náà ṣe rí nìyẹn. Ẹnubodè tó ní lé ní ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rin, 65,535 ni wọ́n kà á sí, nọ́ńbà sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fáyáwọ́ọ̀lù ló ń sọ èyí tó máa ṣí, èyí tó máa wà ní títì, àti ẹni tó lè gbà á kọjá.

Ẹnubodè tí Windows fi ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà jọ lo fáìlì àti pírítà, nọ́ńbà 445 ni. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn o, torí pé ibẹ̀ gan-an ni kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gbà lóṣù Karùn-ún, ọdún 2017. Kò dúró kẹ́nikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Bó bá ti wọ kọ̀ǹpútà kan, á máa wá èyí tí ẹnubodè 445 rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kiri, á ti gbogbo fáìlì onítọ̀hún pa, á wá ní kó lọ wá owó wá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti jà dé nǹkan bí àádọ́jọ orílẹ̀-èdè. Lórílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó débi tí àwọn ọsibítù ìjọba ń dá aláìsàn padà sílé. Bẹ́ẹ̀, láti oṣù Kẹta ọdún yẹn ni Microsoft ti gbé àtúnṣe ẹ̀ síta. Àwọn tí ò gba àtúnṣe, tí wọ́n tún ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, ni ìyà ọ̀hún jẹ jù.

Ṣùgbọ́n kí ló ń mú oníbodè dákú nígbà tí wọ́n bá ní kó yí ètò padà? Ohun tó sábà máa ń fà á ò pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni pé oníbodè méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà kan. Èèyàn ra láàptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, àntífáírọ́ọ̀sì kan ti wà nínú ẹ̀, ó tún lọ fi òmíì sí i. Kò sí ọkọ̀ tí dírẹ́bà méjì jọ ń di sítíárìn ẹ̀ mú tí kì í já sí kòtò. Nínú Windows, abẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni gbogbo òfin fáyáwọ́ọ̀lù ń gbà kọjá, Base Filtering Engine ni wọ́n ń pè é. Bí sọ́fítíwíà méjì bá ń fa òfin mọ́ra wọn lọ́wọ́ níbẹ̀, ọ̀kan lè ṣubú. Kódà, èyí tí wọ́n rò pé àwọn ti yọ lè ti fi èérún ara ẹ̀ sílẹ̀.

Èkejì ni ti NẸ́PÀ. Orúkọ ti yí padà, ìwà ò yí padà. Bí iná bá lọ nígbà tí sọ́fítíwíà ń kọ ètò rẹ̀ pamọ́ lọ́wọ́, ìwé òfin yẹn lè bàjẹ́ láàárín méjì. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá wá ṣí ojú ewé fáyáwọ́ọ̀lù, ìwé tó ti bàjẹ́ yẹn náà ló ń gbìyànjú láti kà.

Ẹ̀kẹta ni ayédèrú. Ẹni tó ń lo àntífáírọ́ọ̀sì tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ kó má báa sanwó, ẹ má jẹ́ kó bínú o, ọwọ́ olè ló ti gba ọlọ́dẹ. Wọ́n ti tú inú ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún un. Ẹ̀kẹrin ni ọjọ́ orí. Láti oṣù Kìíní, ọdún 2020 ni Microsoft ti jáwọ́ nínú Windows 7, nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, wọ́n parí ìtọ́jú gbogbogbòò ti Windows 10. Sọ́fítíwíà tuntun lórí Windows àtijọ́, ìjà ò lè ṣe kó má wà. Ẹ̀karùn-ún ló burú jù: kòkòrò lè ti wà nínú ilé, tó jẹ́ òun gan-an ni ò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan odi.

Ẹ má sì rò pé àwọn tálákà nìkan nirú ẹ̀ ń ṣe. Ní ọjọ́ 19, oṣù Keje, ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń ta sọ́fítíwíà ààbò fáwọn ọlọ́lá, CrowdStrike, fi fáìlì kékeré kan ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà rẹ̀. Ní Nàìjíríà, aago márùn-ún ìdájí kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni. Fáìlì ọ̀hún ní kí sọ́fítíwíà wo àyè 21, bẹ́ẹ̀ 20 péré ló wà níwájú ẹ̀. Ó nasẹ̀ síbi tí ilẹ̀ ò sí, ó ṣubú, ó sì wọ́ Windows ṣubú. Ìṣẹ́jú 78 ni wọ́n fi rí i gbà padà, ṣùgbọ́n Microsoft ní bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ àtààbọ̀ kọ̀ǹpútà ti fara gbá a. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Delta nìkan fagi lé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méje ìrìn-àjò. Ní London àtàwọn ìlú Gẹ̀ẹ́sì míì, ọ̀pọ̀ dókítà ò lè ṣí ìwé ìtọ́jú aláìsàn wọn.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Ibi tí ẹ̀kọ́ wà nìyí. Wọn ò sọ pé ká máa lò ó láìsí ààbò. Wọ́n ṣí kọ̀ǹpútà lọ́nà tí Windows ò fi ní gbé ẹrù púpọ̀, ìyẹn “Safe Mode”, wọ́n wá fáìlì kan ṣoṣo tó fa wàhálà yẹn, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n tún kọ̀ǹpútà tàn. Ẹ̀gún ni wọ́n yọ, wọn ò gé ẹsẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ọmọkùnrin Ìlàré ṣe náà nìyẹn, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Kó kọ ọ̀rọ̀ tó jáde lójú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ bó ṣe wà gan-an, torí orúkọ àìsàn ni. Kó pa á, kó tún un tàn, kó rí i pé orúkọ ọ̀gá kọ̀ǹpútà lòun fi wọlé, kì í ṣe ti ọmọọṣẹ́. Kó lọ sínú “Windows Security” kó wo ẹni tó ń ṣọ́ fáyáwọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, kó yọ ọ̀kan pátápátá, kó sì lo irinṣẹ́ ìyọkúrò tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi síta, kí èérún má baà ṣẹ́kù. Kó gba àtúnṣe Windows àti ti sọ́fítíwíà tó kù. Bí kò bá tíì jọ, kó dá ètò fáyáwọ́ọ̀lù padà sí bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀, torí pé ìyẹn ló ń pààrọ̀ ìwé òfin tó ti bàjẹ́. Kó jẹ́ kí Microsoft Defender yẹ kọ̀ǹpútà wò lọ́nà tí wọ́n ń pè ní “Offline scan”, tó máa ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó jí tán, nígbà tí kòkòrò ò tíì ráyè sá pamọ́.

Bí gbogbo ẹ̀ bá kùnà, tó di dandan kó yọ àntífáírọ́ọ̀sì kó tún un fi sí i, kò burú. Ṣùgbọ́n kó ti kọ́kọ́ wa tuntun sílẹ̀ láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kó yọ kọ̀ǹpútà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì rí i pé fáyáwọ́ọ̀lù Windows wà ní títàn ní gbogbo àkókò yẹn. Oníbodè kan ò gbọdọ̀ kúrò kí òmíì tó débẹ̀. Ní ti pírítà, kò sídìí láti wó odi nítorí ẹ̀. Kó gba “File and Printer Sharing” láàyè fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdáni ṣọ́ọ̀bù nìkan, kì í ṣe ti gbogbo ayé. Wáì-fáì táwọn kọ́sítọ́mà ń lò, kó yà á sọ́tọ̀.

Ọmọ Ifẹ̀ sì kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa kọ́ nírú nǹkan yìí. Ìtàn Mọrèmi tí wọ́n ń rántí nígbà ọdún Ẹdì, kí ló sọ? Àwọn tó ń wá kó Ifẹ̀ lẹ́rú máa ń wọ ìkó, àwọn èèyàn rò pé ará ọ̀run ni wọ́n, wọ́n ń sá fún wọn. Mọrèmi ò sá, kò sì ní kí wọ́n tú ìlú. Ó jẹ́ kí wọ́n kó òun lọ, ó lọ wádìí ohun tí wọ́n jẹ́. Ìgbà tó mọ̀ pé ìkó lásán ni, ó mọ̀ pé iná lòògùn wọn.

Ìwádìí ló kọ́kọ́ ṣe kó tó mú ògùṣọ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n tó ń tún fóònù ṣe kò kọ́ ọmọkùnrin yẹn nìyẹn. Ká ní ó ti sọ pé, “Àbúrò, kí ló kọ sójú ẹ̀? Àntífáírọ́ọ̀sì mélòó ló wà níbẹ̀?”, wákàtí kan péré ni ì bá gbà wọ́n. Súpáfáísọ̀ á ti bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n NIN ọmọ ọlọ́mọ á wà níbi tí wọ́n gbé e sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pa tiyín náà látàárọ̀ nítorí pé ó ń yọ yín lẹ́nu, ẹ dìde kẹ́ ẹ lọ tàn án. Aláǹgbá ò kí í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.