Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Ènìyàn Ra Mọ́tò Ọlọ́pàá ní Gbàǹjo?

Ní Amẹ́ríkà, bí àwọn ọlọ́pàá bá ti lo mọ́tò fún ọdún mélòó kan, wọn a lù ú ní gbàǹjo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá fún un, wọ́n ní eré àsápajúdé ti bà á jẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Eré kọ́ ni ó ń pa á jù, ìdúró ni.

Ẹ wo Ford Crown Victoria, tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ní ọdún 2011. Ọlọ́pàá a dúró lẹ́bàá títì, ẹ́ńjìnnì a máa ṣiṣẹ́ nítorí iná àti rédíò. Táyà kò yí, nítorí náà aago máìlì kò kà á. Ford fúnra rẹ̀ ka wákàtí kan irú ìdúró bẹ́ẹ̀ sí ìrìn máìlì 33. Wákàtí 3,000 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì 100,000 tí ojú kò rí! Wákàtí yìí ni kí olùrajà kọ́kọ́ béèrè, nítorí bí a bá ti rà á tán ní gbàǹjo, kò sí ìdápadà.

Ẹni tí ó ní mekáníìkì gidi, tí owó àtúnṣe sì ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó rà á. Wọ́n ṣe é lágbára ju ti ará ilé lọ. Ẹni tí ó fẹ́ fi gbogbo owó àkójọ rẹ̀ rà á ṣe takisí ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.