Gbogbo Alángbá Ló Dakùn Délẹ̀

Ẹ ti gbọ́ ọ tipẹ́ pé ọmọ ìyá kan náà ni fásísíìmù àti sósíálísíìmù, nítorí pé àwọn méjèèjì ló ń ti ọwọ́ ìjọba bọ ọ̀rọ̀ ajé. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi èyí tàn yín. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ẹ wo Ítálì. Lóòótọ́, inú ẹgbẹ́ sósíálíìsì ni Mussolini ti wá, ṣùgbọ́n wọ́n lé e jáde ní 1914 nítorí pé ó ń ti ogun lẹ́yìn. Nígbà tó dórí oyè, àwọn wo ló fojú winá? Ní June 1924, àwọn jàǹdùkú fásíìsì jí aṣòfin sósíálíìsì tó ń jẹ́ Matteotti gbé, wọ́n sì pa á, lẹ́yìn tó tú àṣírí màgòmágó ìdìbò. Ní 1926, wọ́n fi òfin de ìyanṣẹ́lódì. Ní 1933, ìjọba náà dá àjọ kan sílẹ̀ tó gba iléeṣẹ́ ńláńlá. Ìjọba ni iléeṣẹ́, òṣìṣẹ́ kò lẹ́nu.

Ní Jámánì, Hitler sọ May 1, 1933 di ọjọ́ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ya wọ ọ́fíìsì àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n kó àwọn aṣáájú wọn sí àtìmọ́lé. Ṣé ó gba dúkìá àwọn ọlọ́rọ̀ fún mẹ̀kúnnù? Rárá o! Dúkìá àwọn Júù ló kó. Ìpín ìjọba nínú àwọn báńkì ńlá, ńṣe ló tà á padà fún àwọn aládàáni.

Ẹ má rò pé mò ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ní Rọ́ṣíà, Stalin gba oko lọ́wọ́ àgbẹ̀, ìyàn 1932 sí 1933 sì pa ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn. Orúkọ òṣìṣẹ́ ló fi ń jọba, síbẹ̀ òfin 1940 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí òṣìṣẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìgbàṣẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Bìrìtìkó. Ní 1947, ìjọba ẹgbẹ́ Lébà gba gbogbo ibi ìwakùsà èédú. Ní 1951, wọ́n fìdí rẹmi nínú ìdìbò, wọ́n sì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìjọba ló ni èédú, aráàlú ló ni ìjọba.

Nítorí náà, ẹ má kàn béèrè bóyá ìjọba ń fọwọ́ sí ọjà. Ẹ béèrè pé: ṣé òṣìṣẹ́ lè yanṣẹ́ lódì? Ṣé akọ̀ròyìn lè sọ òótọ́? Ṣé ìbò wa lè yọ wọ́n? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ìbáà jẹ́ ẹlẹ́wù dúdú, ìbáà jẹ́ alásìá pupa, àjàgà ni. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín bẹ́ẹ̀.