Ẹ Má Pa Èdè Ọmọ Nítorí Gẹ̀ẹ́sì

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, nígbà tí mọ́tò ń rọ́ sọ̀kalẹ̀ láti afárá Third Mainland sí títì Adéníji Adélé, ẹ dúró kí ẹ fetí sí àwọn ìyá tó ń mú ọmọ lọ sí ilé ìwé. Yorùbá ni wọ́n fi ń ra búrẹ́dì, òun náà ni wọ́n fi ń bá kọ̀ńdọ́ fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì. Bó bá wá kan ọmọ, ó di Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀nba gbólóhùn mélòó kan tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu tíṣà. N kò bá wọn wí. Ilé ìwé ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ èmi náà rí, nítorí pé mo fi Yorùbá béèrè ohun tí kò yé mi. Láti ọjọ́ náà, n kò béèrè nǹkan kan mọ́ ní kíláàsì yẹn.

Ìjọba àpapọ̀ ti wá ti irú àṣẹ yìí lẹ́yìn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè jókòó ní Àkúrẹ́, wọ́n fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé Gẹ̀ẹ́sì ni láti jẹ́léósinmi dé yunifásítì, ó ní ibi tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC àti JAMB. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìlànà náà kò tíì jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìgbà wo ló jókòó ṣe WAEC tó fi fìdí rẹmi?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kan ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Babátúndé Fáfúnwá, tí wọ́n bí síbẹ̀ ní 1923, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì New York ní 1955. Kò sí ẹni tó lè ní kò mọ Gẹ̀ẹ́sì ìwé. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ńlá ní 1970, ní ilé ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ kan fi Yorùbá kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn yòókù yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin, bí wọ́n ti ń ṣe níbi gbogbo. Àwọn tó fi Yorùbá kàwé fún ọdún mẹ́fà ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ọmọ tó ti fi èdè ilé mọ bí omi ṣe ń di òjò, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ nìkan ló kù kó kọ́. Èyí tí kò yé ní èdè kankan, àkọ́sórí ló ń rù kiri.

Ìsàlẹ̀ Èkó kan náà ló sì ni ìtàn Olóyè Olúwa. Ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ ní Àpápá, wọ́n ní kò ju owó táṣẹ́rẹ́ lọ tó tọ́ sí i. Ní 1920, Amódù Tìjánì Olúwa wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Ní 1921, ilé ẹjọ́ Privy Council níbẹ̀ dá a láre. Kí ni wọ́n gbé síwájú àwọn adájọ́ náà? Òye Yorùbá ni: pé ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan, ti ẹbí àti ará ìlú ni, ìjòyè kàn ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn ni. Gẹ̀ẹ́sì amòfin ló gbé òye náà débẹ̀, ṣùgbọ́n òye ti wà nílẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì tó wá gbé e. Macaulay yìí sì rèé, ọmọ ọmọ Àjàyí Crowther ni, ẹni tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Irú Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ ni mo ń fẹ́ fún ọmọ wa, èyí tí adájọ́ Lọ́ńdọ̀nù yóò tẹ́tí sí.

Fífi imú sọ̀rọ̀ kọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì tó ga. Ẹ wo ìdánwò IELTS tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń náwó lé lórí: ní apá kejì ìwé kíkọ rẹ̀, ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n ní kí ènìyàn fi kọ ó kéré tán ọ̀rọ̀ 250, kó sọ èrò rẹ̀, kó sì fi ìdí àti àpẹẹrẹ gbè é lẹ́sẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni ọmọ ti ń kọ́ ìyẹn, níbi tó ti ń rojọ́ ìdí tí òun kò fi jẹ̀bi. A dí i lẹ́nu níbẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́ta, a wá ń sanwó lẹ́sìnnì fún un ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Àwọn kan á ní ọmọ Ìgbò àti ọmọ Ẹ̀gùn wà ní kíláàsì Èkó. Òótọ́ ni, kò sì rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó ní àkókò eré, kí ẹ gbọ́ èdè tí gbogbo wọn jọ fi ń ṣeré. Wọ́n á ní kò sí ìwé. Ifẹ̀ jókòó, wọ́n kọ tiwọn.

Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ètò Ẹ̀kọ́ yẹn bá tún pé jọ, kí àwọn kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Yorùbá gbé èsì Ifẹ̀ dání lọ, kí wọ́n sì béèrè pé kí ìgbìmọ̀ dá ìlànà ọdún 2022 padà. Ti owó ìtanràn kò tilẹ̀ nílò ìpàdé. Ọ̀gá ilé ìwé kọ̀ọ̀kan lè fòpin sí i níbi àpéjọ àárọ̀ ọ̀la.