Ọ̀RỌ̀ ÀTÚNṢE ỌKÀN: Ẹ WÁDÌÍ KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Ẹ̀yin ará wa nínú ìjọ, àti ẹ̀yin oníṣòwò, àwọn kan ń polówó kiri ayé pé àwọn ń fi irúgbìn ara tún ọkàn tí ó ti bàjẹ́ ṣe. Owó tí wọ́n ń béèrè kì í ṣe kékeré. Ẹ sì mọ̀ wá: bí àìsàn bá dé bá ẹni wa, a óò ti dá owó jọ kí a tó béèrè ohun tí a fẹ́ fi rà.

Irúgbìn ara yìí, tí àwọn dókítà ń pè ní stem cell, ni àwọn ohun tíntìntín inú ara tí wọn kò tíì di ẹran kan pàtó, ṣùgbọ́n tí wọ́n lè dì í. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá rí ọ̀nà dé apá kan ọkàn, ẹran ibẹ̀ yóò kú, àpá ni yóò sì rọ́pò rẹ̀. Àpá kò lè ti ẹ̀jẹ̀ lọ. Nítorí náà ni inú àwọn oníṣègùn ṣe dùn ní ọdún 2001, nígbà tí Piero Anversa, ọmọ Ítálì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé Nature pé àwọn mú irúgbìn láti inú mùdùnmúdùn eegun eku, àwọn fi í sí ọkàn eku tí ó gbọgbẹ́, ẹran tuntun sì hù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe irú rẹ̀ fún ènìyàn ní Jámánì àti ibòmíràn.

Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà tẹ̀lé ọ̀nà kan náà, wọn kò rí ẹran ọkàn kankan kí ó hù. Anversa kò gbà. Ó tún ní ọkàn fúnra rẹ̀ ní irúgbìn tirẹ̀ nínú. Ní ọdún 2017, ilé ìwòsàn Brigham and Women's ní Boston, níbi tí ó ti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà, san mílíọ̀nù 10 dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà lórí ẹ̀sùn pé irọ́ wà nínú ohun tí wọ́n fi gba owó ìwádìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, ilé ìwòsàn náà àti Harvard ní kí a fa ìwé 31 láti ọ̀dọ̀ wọn padà. Anversa ní òun kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ní oṣù kan náà, wọ́n dá ìdánwò kan tí wọ́n ń ṣe lára àwọn aláìsàn dúró díẹ̀.

Àwa tí a jókòó lórí ẹní níwájú àáfà mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Kí a tó gba hádíìsì, a óò ka orúkọ àwọn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Bí òpùrọ́ kan bá wà láàrin, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, bí ó ti wù kí ó dùn létí tó.

Ọkàn kì í sì í ṣe òkúta. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ ní Sweden lo èérún tí àdó olóró inú afẹ́fẹ́ ìgbà kan fi sílẹ̀ lára ènìyàn láti ka ọjọ́ orí ẹran ọkàn. Ẹni ọdún 25 ń pààrọ̀ nǹkan bí ẹyọ kan nínú 100 lọ́dún. Ti ẹni ọdún 75 kò tó ìdajì ìyẹn. Ó kéré jù láti fi di ihò ńlá.

Ní Osaka, ní oṣù kìíní ọdún 2020, Yoshiki Sawa àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n kọ́kọ́ sọ irúgbìn di ẹran ọkàn lóde ara, wọ́n wá tẹ́ ẹ lé ọkàn aláìsàn bí ìgbà tí a lẹ aṣọ. Mo fara mọ́ èyí ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí wọ́n rí ẹran náà kí wọ́n tó gbé e síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn díẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Oníṣòwò kì í ra báálì aṣọ láì tú u. Ẹ bi ẹni tí ń ta ìwòsàn yìí pé: ènìyàn mélòó ni ẹ ti ṣe é fún, ta ni ó kà wọ́n, ilé ìwòsàn wo ni ó sì tún un ṣe tí ó rí bákan náà? Bí kò bá rí ìdáhùn, ẹ má ṣe jẹ́ kí owó ìjọ jáde, kí aláìsàn náà má sì ṣe jáwọ́ nínú oògùn tí dókítà rẹ̀ fún un.