Iyì fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Deborah Ajakaiye

Àwọn àgbà ní yinniyinni, kẹ́ni ó lè ṣe òmíràn. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bu iyì fún arábìnrin kan tí a kì í sábà dárúkọ láàárín wa: Ọ̀jọ̀gbọ́n Deborah Ajakaiye.

Ìlú Jos ni wọ́n bí i sí. Ó gboyè ní Ìbàdàn ní 1962, ó tẹ̀ síwájú ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, ní 1970. Ìṣirò ló kọ́kọ́ wù ú, ṣùgbọ́n ó yà sí físíìsì tó jẹ mọ́ ilẹ̀, torí ó gbà pé ìyẹn lè ṣe orílẹ̀-èdè rẹ̀ láǹfààní. Ní 1980, ó di obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì.

Kí ni iṣẹ́ náà? Ilẹ̀ ní agbára tó fi ń fa ohun gbogbo mọ́ra, ṣùgbọ́n agbára yìí kò dọ́gba níbi gbogbo. Ibi tí òkúta abẹ́ ilẹ̀ bá ti wúwo, yóò fà díẹ̀ sí i. Ẹ̀rọ wà tó ń wọn ìyàtọ̀ náà. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ obìnrin mélòó kan jọ ya máàpù tó fi í hàn káàkiri Nàìjíríà. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ la fi ń wá àlùmọ́ọ́nì àti omi abẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó ń pọn omi lódò mọ iyì ìyẹn.

Ó kọ́ni ní Zaria àti ní Yunifásítì Jos, níbi tó ti jẹ́ díìnì. Ó tún dá ẹgbẹ́ Kristẹni kan sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kogi fún ìtọ́jú opó, arúgbó àti ọmọ òrukàn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ eléyìí: àwọn òbí rẹ̀ gbà pé ẹ̀kọ́ tọ́ sí tọkùnrin tobìnrin, wọ́n sì pín iṣẹ́ ilé fún gbogbo ọmọ lọ́gbọọgba. Àwa ńkọ́? Bí ọmọbìnrin bá gbálẹ̀, tó fọ abọ́, tó kiri ọjà, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì jókòó ti ìwé, ta ni yóò yege? Bí owó ilé ìwé kò bá tó, ta la máa ń kọ́kọ́ yọ? Àwọn ọmọbìnrin Selofehadi dúró níwájú Mose, wọ́n béèrè ìpín wọn, Ọlọ́run sì dá wọn láre. Ìwé ni ìpín ọmọbìnrin lóde òní.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ tún iṣẹ́ ilé pín. Ẹ jẹ́ kí ọmọkùnrin mú ìgbálẹ̀, kí ọmọbìnrin ráyè fún ìṣirò rẹ̀. Olúwa yóò ràn wá lọ́wọ́. Àmín.