Páílọ́ọ̀tì tó bá ní òun ò lọ, ẹ má bú u

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ wá lọ́kàn tipẹ́, a fẹ́ sọ ọ́ lónìí.

Ẹ mọ̀ pé Lọ́kọ́jà wa yìí ò ní pápákọ̀ òfuurufú tí bàálù èrò ń balẹ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ wọ bàálù, mọ́tò ló máa kọ́kọ́ wọ̀ dé Àbújá. Lọ́jọ́ kan, àwa oníṣòwò bíi mẹ́rin jókòó sí pápákọ̀ Àbújá, a ń lọ ra ọjà nílẹ̀ Yorùbá. Aago méjì ni wọ́n dá fún wa, nígbà tó fi máa di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, a ò tíì gbéra. Páílọ́ọ̀tì wá ní òun ò lọ mọ́. Ó ní pápákọ̀ tí à ń lọ kì í gba bàálù lálẹ́, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí òun tó débẹ̀. Háà! Èébú tí ọkùnrin yẹn gbọ́ lọ́jọ́ náà ò kéré, àwa náà sì bú u. Pé wọn ò tètè gbéra, ẹ̀bi iléeṣẹ́ wọn nìyẹn, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n páílọ́ọ̀tì tó ní òun ò lọ, ohun tó tọ́ ló ṣe. Àwa la ṣì í bú.

Bàálù kì í ṣe kòròpe tó lè dúró níbi tó bá ti wù ú. Kí páílọ́ọ̀tì tó gbéra, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ibi tó ń lọ gba irú bàálù tó ń wà. Ṣé ojú ọ̀nà tó máa sá lé gùn tó? Ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ lè gba ìwúwo rẹ̀? Ṣé iná wà fún alẹ́? Panápaná ńkọ́? Láti 1 dé 10 ni wọ́n pín agbára panápaná pápákọ̀ sí, bí bàálù bá sì ṣe gùn tó, tí ara rẹ̀ fẹ̀ tó, ni nọ́ńbà tó nílò ṣe ń ga sí i.

Ẹ̀yin tó wà ní London mọ London City Airport. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ ò ju nǹkan bí 1,508 mítà lọ, ilé gogoro sì wà nítòsí, nítorí náà bàálù gbọ́dọ̀ dorí kodò sọ̀ kalẹ̀ ju bó ṣe máa ń ṣe níbòmíràn. Bàálù tí wọn ò fọwọ́ sí irú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Páílọ́ọ̀tì tí ò kọ́ ẹ̀kọ́ ibẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. A ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ìwọ̀sí.

Ẹ wá rántí ọdún 2017. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí pápákọ̀ Àbújá ní bàjẹ́, ìjọba tì í láti ọjọ́ 8 oṣù March, wọ́n ní kí bàálù máa lọ Kàdúná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ojú àwa ará Lọ́kọ́jà rí nǹkan nígbà yẹn! British Airways àti Lufthansa ní àwọn ò lọ Kàdúná. Inú bí wa, a ní òyìnbó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wa. Ethiopian Airlines nìkan ló gbà nínú àwọn iléeṣẹ́ òkèèrè, bàálù A350 wọn ló sì kọ́kọ́ balẹ̀ nígbà tí Àbújá ṣí lọ́jọ́ 18 oṣù April. A yìn wọ́n, ìyìn sì tọ́ sí wọn. Ẹnìkan lè ní ìgbéraga wà nínú ti àwọn tó kọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ oníkálukú ni láti wo bàálù rẹ̀, kó wo ibi tó ń lọ, kó tó dáhùn. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká wa lára ni pé àwa gan-an kì í béèrè. Lọ́jọ́ 29 oṣù November 2024, ọkọ̀ ojú omi tó gbéra láti Kogi wa níhìn-ín lọ sí ọjà ní ìpínlẹ̀ Niger dojú dé nínú Odò Ọya. Wọ́n ní èrò inú rẹ̀ tó igba, oníṣòwò bíi tiwa ló sì pọ̀ níbẹ̀. Ta ló béèrè iye èèyàn tí ọkọ̀ yẹn lè gbé? Bí awakọ̀ bá ní èrò ti pé, ṣé kì í ṣe àwa la máa ń ní, "Ẹ sún mọ́ra jàre, ọjà ń lọ"? Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ pápákọ̀ fún Kogi náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Bí wọ́n bá kọ́ ọ lọ́la, ẹ má jẹ́ ká kàn máa jó. Ẹ jẹ́ ká béèrè: irú bàálù wo ló gbà? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lálẹ́? Panápaná rẹ̀ tó mélòó?

Ẹ̀yin ará, awakọ̀ tó bá ní "ibẹ̀ ò gba ọkọ̀ mi", yálà lófuurufú, lójú omi tàbí lórí títì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjà tí a ò rà lónìí, a ó rà á lọ́la, bí ẹ̀mí bá wà. Kí lẹ̀yin rí sí i?